Ìwé Ìtanràn Mẹ́ta Lórí Tábìlì Kan: Èwo La Máa San, Èwo La Máa Bá Dé Kóòtù?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó àbúrò mi gbé ọ̀rá kan wá sílé mi ní gúúsù London, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì ìdáná. Ìwé ni gbogbo rẹ̀, àpòòwé mẹ́tàdínlógún, púpọ̀ nínú wọn kò tíì ya rárá.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Gbogbo ayé ló ń bínú sí mi nítorí mọ́tò."

Mo ní kó jókòó, mo bu ọ̀bẹ sí àpòòwé. Nígbà tá a tò wọ́n tán, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni gbogbo wọn ń sọ. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá: ó sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ káńsù: ó gbé mọ́tò sójú ọ̀nà tí kò yẹ. Ẹ̀kẹta wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń ṣọ́ ààyè ìgbọ́kọ̀sí níwájú ilé-ìtajà. Lójú tirẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ni tíkẹ́ẹ̀tì ń jẹ́. Bó sì ṣe rí fún ọ̀pọ̀ wa nìyẹn. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì á ní, "Má dá wọn lóhùn, kò sóhun tí wọ́n lè ṣe." Ẹlòmíì á ní, "San án kíá kí wọ́n má baà tì ọ́ mọ́lé." Àwọn méjèèjì lè tọ̀nà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ìwé kan náà.

England àti Wales ni mò ń sọ. Scotland ní òfin tiwọn, ẹni tó wà ní Glasgow kó wá ti ibẹ̀.

Ẹ ka orí ìwé náà ná

Ti ọlọ́pàá rọrùn láti mọ̀. Wọ́n á kọ "Notice of Intended Prosecution" sí i, àmì ọlọ́pàá agbègbè náà á sì wà lókè. Àwọn méjì yòókù ló ń da ojú rú. Káńsù ń kọ "Penalty Charge Notice", aládàáni ń kọ "Parking Charge Notice". Ẹ ké e kúrú, PCN ni àwọn méjèèjì. Àwọ̀ wọn jọra, àpò ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò jọra. Bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kàn rí i pé ẹ ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa.

| | Ọlọ́pàá | Káńsù | Aládàáni |
|---|---|---|---|
| Irú ọ̀ràn wo ni? | Ẹ̀sùn ọ̀daràn, bó ti wù kó kéré | Owó ìtanràn lásán | Ẹjọ́ gbèsè láàárín ẹni méjì |
| Póìǹtì lórí láísẹ́ǹsì | Ó wà | Kò sí | Kò sí |
| Ta ló ń dá a? | Kóòtù májísíréètì | Adájọ́ àkànṣe ti ìrìnnà ọkọ̀ | County Court, ẹ̀ka ẹjọ́ kéékèèké |
| Bí ẹ bá jà, tẹ́ ẹ pàdánù | Ó lè kọjá £1,000 | Ẹ pàdánù ẹ̀dínwó ìlàjì | Ó sábà máa ń lé díẹ̀ ní £200 |
| Bí ẹ bá dákẹ́ | Wọ́n á dá yín lẹ́bi lẹ́yìn yín | Owó á fi ìdajì lé, bélífì á dé | Ìdájọ́ gbèsè lórí orúkọ yín fún ọdún 6 |

Ti ọlọ́pàá: ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó jà

Bí kámẹ́rà bá mú mọ́tò, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mọ́tò ni wọ́n máa kọ̀wé sí, lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ìbéèrè kan wà nínú lẹ́tà náà: ta ló ń wa ọkọ̀ lákòókò yẹn? Ẹ dáhùn rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28, kódà bẹ́ ẹ bá ti pinnu pé ẹ máa jà dópin. Mo mọ àwọn tó rò pé ọgbọ́n ni kéèyàn dákẹ́, pé bí wọn ò bá mọ awakọ̀, wọn ò lè mú un. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò dárúkọ awakọ̀, póìǹtì 6 ló ń dúró dè é, owó ìtanràn tó sì lè tó £1,000. Eré àsápajúdé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an lè má ju póìǹtì 3 lọ. Àwọn oníìnṣọ́ránsì sì kórìíra ẹni tí kò dárúkọ awakọ̀ ju ẹni tó sáré lọ.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dáhùn, ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń ṣí sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì ni àkọ́kọ́: níbi tí òfin ti sọ máìlì 30, ẹni tó sá láàárín 35 sí 42 ni wọ́n sábà máa ń fi lọ̀, bí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ láàárín ọdún 3. Owó rẹ̀ ń rìn ní àyíká £100, ẹ lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà nílé, kò sì sí póìǹtì kankan. Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ san £100, kẹ́ ẹ gba póìǹtì 3, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kóòtù.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, awakọ̀ tó gbóná, sá máìlì 37 níbi 30. Wọ́n fi kọ́ọ̀sì lọ̀ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe kọ́ọ̀sì yẹn." Ó ní, "Kọ́ọ̀sì kí ni? Ṣé ọmọ iléèwé ni mí? Mo ti ń wakọ̀ láti Ìbàdàn kí wọ́n tó bí ẹni tó fẹ́ kọ́ mi." Ó kọ̀wé pé òun ò jẹ̀bi. Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Pé ọ̀nà náà ṣófo, pé àwọn tó wà lẹ́yìn òun pàápàá ń sáré. Ìyẹn kì í ṣe àwíjàre, àlàyé ni. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ parí, wọ́n fi ìdajì owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan rẹ̀ ṣe owó ìtanràn, torí owó tó ń wọlé féèyàn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ £600 lọ́sẹ̀, ìtanràn di £300. Wọ́n fi ìdá 40 nínú 100 lé e, gẹ́gẹ́ bí owó tí ìjọba ń gbà fún àwọn tí ọ̀daràn pa lára: £120. Owó ìnáwó ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò ìjọba béèrè sì kọjá £600. Póìǹtì 3 sì wà níbẹ̀. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ títí tí lẹ́tà ìnṣọ́ránsì fi dé.

Ta ló wá yẹ kó lọ? Ẹni tí kì í ṣe òun ló wakọ̀. Ẹni tí wọ́n jí nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ ṣe àdàkọ, tó sì lè fi hàn pé mọ́tò òun wà ní Leeds nígbà tí wọ́n ní ó wà ní Lewisham. Ẹni tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé bá lẹ́yìn ọjọ́ 14, bí àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́dọ̀ DVLA, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé mọ́tò àti láísẹ́ǹsì, bá tọ̀nà, tí mọ́tò náà sì wà lórúkọ rẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò tó háyà o. Ẹni tí pátákó tó ń sọ iye eré kò sí níbi tó yẹ kó wà, tó sì ní fọ́tò. Bákan náà ni ẹni tó ń gbé aboyún tó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn: ó jẹ̀bi lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n adájọ́ lè ṣàánú rẹ̀ kó má fún un ní póìǹtì, bó bá sọ tẹnu rẹ̀ dáadáa.

Àwọn méjì kan sì wà tí owó kọ́ ni ìṣòro wọn. Ẹni tó ti ní póìǹtì 9: bí ó bá di 12 láàárín ọdún 3, oṣù 6 ló máa fi jókòó sílé láìwakọ̀, àfi bó bá lè fi hàn pé ìyà tó máa tibẹ̀ jáde, pàápàá fún àwọn tó ń bọ́, kọjá ti gbogbo èèyàn. Irú ìyẹn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ jà, kó wá lọ́yà. Ẹnì kejì ni ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò tíì pé ọdún 2. Póìǹtì 6 péré, wọ́n á gba á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì tún ìdánwò ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé aṣọ dúdú àti irun funfun lẹ máa bá pàdé. Láti 2015, májísíréètì kan ṣoṣo, pẹ̀lú olùdámọ̀ràn òfin kan, ló ń dá ọ̀pọ̀ jù lọ irú ẹjọ́ yìí lórí ìwé, láìsí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń pè ní "Single Justice Procedure Notice" lẹ máa gbà, ọjọ́ 21 lẹ sì ní láti dáhùn: mo jẹ̀bi; mo jẹ̀bi ṣùgbọ́n mo fẹ́ wá ṣàlàyé; mi ò jẹ̀bi. Ẹni tó bá tètè gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìtanràn fún un. Ẹni tó bá ní òun ò jẹ̀bi, ẹjọ́ rẹ̀ á kúrò lórí ìwé bọ́ sí kóòtù gbangba.

Níbẹ̀ náà, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá bẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀. Kóòtù ló ń san owó rẹ̀, àyè wà lórí ìwé náà láti kọ ọ́. Mo mọ ẹni tó ti gbé Peckham fún ogún ọdún, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dún bí agogo lọ́jà, ṣùgbọ́n tó dé iwájú májísíréètì tí "yes" àti "no" bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ara wọn lẹ́nu rẹ̀.

Kẹ́ni tó ń retí ìwé ọmọ ìlú tún fetí sí èyí: £100 tẹ́ ẹ bá san láìdé kóòtù kì í ṣe ìdálẹ́bi. Èyí tí májísíréètì bá dá, ìdálẹ́bi ni, fọ́ọ̀mù ọmọ ìlú sì ń béèrè rẹ̀.

Ti káńsù: ibí ni mo ti máa ń ní kẹ́ ẹ jà

Kò sí ọ̀daràn níbí, kò sí póìǹtì, oníìnṣọ́ránsì kò ní gbọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìlà yẹ́lò, ẹ wọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ẹ dúró sínú àpótí yẹ́lò ní oríta. Lórí ọ̀nà onílà pupa ti London, £160 ni, £80 bẹ́ ẹ bá san láàárín ọjọ́ 14.

Ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ ni pé ẹjọ́ níbí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ kọ̀wé sí káńsù. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀, ẹ ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé gan-an gan-an. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ tún ní ọjọ́ 28 láti lọ bá London Tribunals, tàbí Traffic Penalty Tribunal bẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn odi London. Adájọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù. Ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ sì lè fi ìwé nìkan bá a sọ ọ́. Kò ní ní kẹ́ ẹ san owó tí káńsù ná sórí ẹjọ́, àyàfi bẹ́ ẹ bá fi àwàdà ṣe ẹjọ́.

Èmi fúnra mi ṣe é. Mo gbé ọkọ̀ sí òpópónà kan tí ewé igi ti bo pátákó rẹ̀ mọ́lẹ̀, àfi ẹni tó bá gun àkàbà ló lè kà á. Mo ya fọ́tò mẹ́rin: ọ̀kan láti ìjókòó awakọ̀, ọ̀kan láti ẹsẹ̀ igi, ọ̀kan tó fi ọkọ̀ àti igi hàn pa pọ̀, ọ̀kan tí mo fi ọwọ́ gbé ẹ̀ka sókè kí pátákó lè yọjú. Káńsù náà ní àwọn ti "gbé ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò". Adájọ́ pè mí lórí fóònù ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ṣì wọ súwẹ́tà ìsùn. Ó béèrè ọjọ́ tí mo ya fọ́tò, ó béèrè bóyá káńsù fi fọ́tò pátákó tiwọn ránṣẹ́. Wọn ò fi ránṣẹ́. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ní kí wọ́n fagi lé e. Fọ́tò kẹrin yẹn ló là mí.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í sọ fún yín: bẹ́ ẹ bá kọ̀wé láàárín ọjọ́ 14 àkọ́kọ́, káńsù sábà máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ san ìlàjì bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yín. Nítorí náà, lẹ́tà àkọ́kọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ewu. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ adájọ́ ni ìlàjì yẹn ń lọ, ìyẹn ni owó tẹ́ ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́. Tí ẹ̀rí yín bá jẹ́ "mi ò rí i", ẹ san £80. Tó bá jẹ́ fọ́tò, ẹ lọ. Ẹ sì rántí pé bẹ́ ẹ bá sanwó ìgbọ́kọ̀sí ní England, ìṣẹ́jú 10 wà lẹ́yìn tí àkókò yín bá parí tí káńsù kò gbọ́dọ̀ fi ìwé lé mọ́tò. Ìwé tó bá sọ ìṣẹ́jú 7, àpò ìdọ̀tí ló yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí wọn ná.

Ti aládàáni: kì í ṣe ìtanràn, síbẹ̀ ó lè dé kóòtù

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ààyè ìgbọ́kọ̀sí kò ní agbára láti bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tẹ́ ẹ wọlé, pátákó wà, ẹ ti bá wọn ṣàdéhùn, ẹ sì ti yẹ àdéhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn máa ń ní kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀ bẹ́ ẹ kò bá san. Ní 2015 ni Kóòtù Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ ParkingEye, ọ̀kan nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti Beavis, ọ̀gbẹ́ni kan tó lo ìṣẹ́jú 56 ju wákàtí méjì ọ̀fẹ́ rẹ̀ lọ ní Chelmsford. Wọ́n ní kó san £85 náà. Láti ọjọ́ yẹn, ìmọ̀ràn "ẹ da á nù" ti gbó.

Ẹ fi èyí wé ti ọlọ́pàá: níbẹ̀, ọ̀ràn ni kẹ́ ẹ má dárúkọ awakọ̀. Níbí, kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ dárúkọ rẹ̀. Bí wọn ò bá lẹ ìwé mọ́ gíláàsì lọ́jọ́ náà, lẹ́tà wọn gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ 14 kí wọ́n tó lè mú ẹni tó ni ọkọ̀ dípò awakọ̀. Nítorí náà, nínú lẹ́tà yín, ẹ kọ "awakọ̀ ọkọ̀ náà", ẹ má kọ "mo". Ẹni tó bá kọ "mo páàkì sí ibẹ̀" ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn tó yẹ kó gbà á sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí POPLA tàbí IAS, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀hónú lórí ìwé aládàáni, èyí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wọn. Bí ẹ bá pàdánù níbẹ̀, kò dè yín. Ẹ ṣì lè dúró de kóòtù. Àwọn tó ń béèrè gbèsè á máa kọ lẹ́tà pupa, lẹ́tà dúdú. Bélífì kọ́ ni wọ́n, wọn ò lè fọwọ́ kan ṣíbí nínú ilé yín. Èyí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dá mọ̀ ni "Letter Before Claim", tó fún yín ní ọjọ́ 30, àti ìwé ẹjọ́ láti County Court fúnra rẹ̀: ọjọ́ 14 láti fèsì, 28 bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún kóòtù pé ẹ ti rí i. Láti 2024, wọ́n á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú alárinà ìjọba, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá pàdánù ní kóòtù, ẹ san án láàárín oṣù kan, orúkọ yín á mọ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọdún 6 ló máa wà níbi tí báńkì ti ń wò kí wọ́n tó yá yín lówó ilé.

Bẹ́ ẹ bá ti kó kúrò ní àdírẹ́sì yẹn

Àìsàn kan náà, egbòogi mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan kó láti Woolwich lọ sí Dartford, ó yí àdírẹ́sì láísẹ́ǹsì padà, ó gbàgbé ìwé mọ́tò. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì lọ́dọ̀ DVLA, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Gbogbo lẹ́tà lọ sí ilé àtijọ́, òfin sì kà á sí pé ó ti rí wọn gbà. Ẹnu bélífì ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ní ẹnu ọ̀nà, bí ológò ayé àtijọ́ tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún onígbèsè.

Bó bá jẹ́ ti májísíréètì, ẹ lọ búra níwájú kóòtù tàbí lọ́yà pé ẹ ò mọ̀ nípa ẹjọ́ náà, láàárín ọjọ́ 21 tẹ́ ẹ gbọ́. Ìdájọ́ á wó, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Bó bá jẹ́ pé eré àti àìdárúkọ awakọ̀ ni wọ́n fi kàn yín pa pọ̀, ẹ lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀ ní kọ́rídọ̀ kóòtù lọ́jọ́ náà: lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ ẹ bá gba ti eré, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti káńsù, fọ́ọ̀mù TE9 ni, ẹ fi TE7 kún un bí ọjọ́ bá ti kọjá, wọ́n sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bó bá jẹ́ ti aládàáni, fọ́ọ̀mù N244 lẹ máa fi bẹ kóòtù kó fagi lé ìdájọ́, ìyẹn nìkan ló ń gbowó.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì mi. Ti ọlọ́pàá: máìlì 36 níbi 30, ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ọjọ́ 28 pé. Mo ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ kó tó mu tíì, ó ṣe kọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ti káńsù ló dùn mí jù. Ó ní fọ́tò tó fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pátákó tó ní kí wọ́n má gbé ọkọ̀ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ wá lẹ́yìn tó ti gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Adájọ́ ì bá ti fagi lé e kó tó mí. Àmọ́ inú àpòòwé tí kò ya ni gbogbo àǹfààní náà sùn sí, àdírẹ́sì rẹ̀ sì tọ̀nà, kò lè búra pé òun ò rí i. £160 ti di £240. Ó san án lórí fóònù, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ti ilé-ìtajà ló kù. Ẹ̀rọ ìgbowó bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹni mẹ́ta tó tò síbẹ̀ wà nínú fọ́tò. A ti fi àwíjàre ránṣẹ́ sí County Court, "awakọ̀ ọkọ̀ náà" ni a kọ láti òkè dé ilẹ̀, à ń retí ìpè alárinà. Ó ra fáìlì búlúù kan, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀bẹ ìyàpòòwé kan náà wà nínú fáìlì yẹn.